Irin Tó Wọnú Iyanrìn Lọ

Èmi kì í ṣe ẹni tí nǹkan tètè máa ń yà lẹ́nu. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí irun orí mi fi funfun, ohun tí ojú mi ò bá rí, kò tíì dé ayé ni. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé irin kan yà mí lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Irin lásán ni o. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní iná, kò sì sọ̀rọ̀.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Kì í ṣe ọkọ̀ apẹja, kì í ṣe ọkọ̀ akérò. Ọkọ̀ onígbòkun ni, irú èyí tí tọkọtaya lè fi máa rìn láti etí òkun kan sí èkejì bó bá ṣe wù wọ́n. Yàrá tí à ń sùn sí wà níwájú. Ilé ìdáná rẹ̀ kéré débi pé tí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, mo ti kan ògiri ọ̀tún àti ti òsì. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn wa lọ sílé ọkọ, tí ilé wá dákẹ́ bí ilé ìwé nígbà ìsinmi, ni ọkọ mi ní ká lọ máa gbé lórí omi. Apòògùn ni gbogbo ayé ń pè é, torí iṣẹ́ tó ṣe nìyẹn kó tó fẹ̀yìn tì. Mo bú u, mo tún bú u, mo sì di ẹrù mi tẹ̀lé e.

Ilé orí omi kò ní ìpìlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dì í mú nígbà tí a bá dúró ni ìdákọ̀ró, irin tí a fi ṣéènì so mọ́ iwájú ọkọ̀, tí à ń jù sí ìsàlẹ̀ omi. Bí ìdákọ̀ró bá mú ilẹ̀, a wà nílé. Bí kò bá mú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló nilé.

Ìdákọ̀ró wa àkọ́kọ́, bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Alágbẹ̀dẹ ni, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, kò sì sí ọkọ̀ àgbà kan ní èbúté wa tí kò ní irin tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ tí a ti ọkọ̀ wa sómi, ó gbé ìdákọ̀ró náà wá, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ọ̀pá gbọọrọ ni, pẹ̀lú apá méjì tó tẹ̀ bí ìkọ́. Apòògùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi kúnlẹ̀. A yìn ín títí ó fi ní kí á jọ̀ọ́ kí á dìde.

Ó sì ṣiṣẹ́ fún wa dáadáa, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí à ń jẹun lórí ọkọ̀, tí mo rí igi kan tó ń rìn létí omi.

Mo ní, "Apòògùn, wo igi yẹn."

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, jẹ́ kí n jẹun."

Mo ní, "Igi ń rìn!"

Igi kì í rìn. Àwa là ń rìn. Afẹ́fẹ́ ti yí padà, ìkọ́ ìdákọ̀ró ti fò kúrò nínú ilẹ̀, ó wá ń wọ́ tẹ̀lé wa bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ká tó tan ẹ́ńjìnnì, àpáta ti sún mọ́ wa débi pé mò ń rí àwọn ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí ló kó wa yọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju ìdákọ̀ró ìgbàlódé lọ. Ó ní àwọn onímọ̀ ti ṣe irú kan tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá yí, òun náà á yí, á sì tún mú ilẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Àmọ́ mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló máa sọ fún Baba?"

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Baba ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìyá mi ti lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè gbé òòlù mọ́. Lójú tèmi, ohun tó kù tó ń mú un dìde láàárọ̀ ni pé irin òun ló di ilé ọmọ òun mú. Nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ bá ti le, fóònù mi á dún. "Ṣé ó mú?" Màá ní, "Ó mú, Baba." Á ní, "Ó dáa," á sì pa fóònù. Mo rò pé ìyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́, mo sì ń fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé a ti ra òmíràn lọ́jà? Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ náà lè pa á, mi ò sì fi ṣàwàdà.

Síbẹ̀, àpáta yẹn ò kúrò lójú mi. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọkọ̀ tó wà ní èbúté.

Obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, Onírin ni wọ́n ń pè é, ó sì mọ ọjà rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọmọ. Òórùn okùn tuntun àti ọ̀dà kún ibẹ̀. Oríṣiríṣi ìdákọ̀ró gbára lé ògiri: èyí tó ní ọwọ́ pẹlẹbẹ méjì, tó dáa nínú ẹrẹ̀, èyí tó rí bí ohun èlò ìtúlẹ̀, àti tuntun tí ọkọ mi ń wò bí ọkọ ìyàwó. Imú tuntun yìí ṣonṣo, ó mú. Ara rẹ̀ jìn bí abẹ ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko. Irin róbótó kan sì tẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, bí ìgbámú apẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin Onírin, eléyìí ò mà wúwo tó ti bàbá mi."

Ó ní, "Ìyá mi, òkúta náà wúwo. Ẹ má wo bó ṣe wúwo nìkan, bó ṣe ń wọlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò."

Ó gbé àpótí pákó kan tí iyanrìn kún inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó kó àwọn ìdákọ̀ró kéékèèké jáde, kò sí èyí tó ju àtàǹpàkò mi lọ, òwú sì wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fa èyí tó rí bíi ti bàbá mi. Ó ha iyanrìn, ó dì í mú díẹ̀, ó fò jáde, ó tún ń ha á lọ. Ó wá fa tuntun. Imú rẹ̀ wọlẹ̀, ara rẹ̀ tẹ̀lé e, kò sì pẹ́ tí kò sí mọ́. Òwú nìkan ló kù lójú iyanrìn.

Mo gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti pinnu pé màá dójú ti irin náà. Mo yí ojú rẹ̀ sókè, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, mo fà á. Irin róbótó ẹ̀yìn rẹ̀ ò jẹ́ kó lè sùn sẹ́yìn. Ó yí padà fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ yíyí, ó dojú kọlẹ̀, ó wọlé. Mo tún un ṣe. Mo fi ìbínú tún un ṣe. Onírin ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyá, àwọn oníbàárà mìíràn ń dúró o."

Ó ní ká mú èyí tó fi ìwọ̀n kan ju ti ọkọ̀ wa lọ, torí pé lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá bínú, kì í béèrè bí ọkọ̀ ẹni ṣe gùn tó. A gbé e lọ sílé, a so ó mọ́ ṣéènì níwájú ọkọ̀. A gbé ti Baba sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo sì lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo fẹ́ sọ fún un lórí fóònù. Mo pè é, mo bi í nípa orúnkún rẹ̀, nípa oògùn rẹ̀, nípa aládùúgbò rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó sùn. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá kí wa.

Nígbà tó dé, kò tíì jókòó, kò tíì mu omi, iwájú ọkọ̀ ló gbà lọ. Mo sá tẹ̀lé e. Nígbà tí mo máa dé ibẹ̀, ó ti dúró ti ìdákọ̀ró tuntun, ó ń wò ó. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ lórí pákó ọkọ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́…"

Kò wẹ̀yìn. Ó fi eegun ìka kan irin náà, ó tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló jó o?"

"A rà á ni, Baba."

"Ó dáa."

Ó dáa yẹn ò lẹ́ran lára rárá. Apòògùn sọ fún mi pé kí n má dààmú, pé ó ní ó dáa. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ rẹ̀ ni mí, mo mọ̀ pé bàbá mi ń pariwo nígbà tí inú bá ń bí i díẹ̀, àmọ́ tó bá dùn ún wọ eegun, ńṣe ló máa ń dákẹ́.

Baba wá ní, "Ṣé ẹ ti jù ú rí?"

"Rárá, sà," ni Apòògùn dáhùn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jù ú. Èmi ni màá jù ú."

Lọ́jọ́ kejì, a ta ìgbòkun, a lọ sí ibì kan tí òkun ti yọ wọ inú ilẹ̀. Iyanrìn funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àpáta sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Jíju ìdákọ̀ró kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ẹnìkan á wà níwájú lọ́dọ̀ ṣéènì, ẹnìkan á wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ sítíárìn. Ẹni ẹ̀yìn á kọ orí ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, á dá a dúró, ẹni iwájú á sọ irin náà kalẹ̀ wẹ́rẹ́ títí á fi kanlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá ń fà sẹ́yìn ni kó máa tú ṣéènì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè nà gbọọrọ lórí ilẹ̀. Ṣéènì náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po márùn-ún bí omi ṣe jìn tó. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í gùn: "Jù! Dúró! Tún jù!" Ó parí.

Àmọ́ Baba ló wà níwájú, Apòògùn ló wà lẹ́yìn. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni o! Ta ló bí ọkùnrin náà dáa tó máa sọ fún àna rẹ̀ pé "Dúró"?

Baba tú ṣéènì sílẹ̀, ó ń ya lọ wàràwàrà. Apòògùn tẹ orí ba níbi tó ti di sítíárìn mú. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Sà, bí kò bá ní ni yín lára, tí ẹ bá lè bá wa dá ṣéènì yẹn dúró fún ìgbà díẹ̀…"

Baba fi ọwọ́ kọ́ etí. "Kí lo wí, ọkọ ọmọ mi?"

Apòògùn bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí "ẹ kú iṣẹ́." Nígbà tó máa dé orí "díẹ̀," gbogbo ṣéènì ti lọ jọ gegere sí ojú kan lórí ìdákọ̀ró, bí ẹ̀kọ tí wọ́n dà sílẹ̀. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ mi.

A fi ẹ̀rọ fà á sókè, a tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró sáàárín ọkọ̀. Apòògùn á ní, "Sà, tó bá wù yín," èmi á pariwo pé, "Baba, ẹ jù ú!" Á ní, "Ẹ ṣeun sà, ó ti tó báyìí," èmi á ní, "Ẹ dúró!" Ọmọ tó bí ni mí, kò lè tà mí.

Ṣéènì nà tán. Apòògùn mú ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn láti fi fa ìdákọ̀ró náà wọlẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ sẹ́yìn, ó ń lọ, lẹ́yìn náà ló tẹ orí ba, ó sì dúró gbagidi. Baba fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Apòògùn tún tẹ iná mọ́ ọn, omi ń hó lẹ́yìn wa, ọkọ̀ ò sún. Mo ti fi ojú so igi kan létí omi mọ́ òrùlé ilé kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò kúrò lórí ìlà kan náà. Baba jókòó sórí pákó, ó ń wo ṣéènì.

Lọ́sàn-án, òkè ṣú. Afẹ́fẹ́ tó ti ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ dákẹ́, ó wá já lù wá láti ojú òkun. Ọkọ̀ wa yí bìrí. Àpáta tó wà níwájú tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó wà lẹ́yìn wa. Irú afẹ́fẹ́ ọjọ́ tí igi rìn yẹn gan-an ni. Ọkọ̀ kan tó dúró nítòsí wa kọjá lára wa, ó ń wọ́ ìdákọ̀ró rẹ̀ lọ, ọkùnrin inú rẹ̀ ń sáré tan ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́, ó sá jáde sí ojú òkun.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Apòògùn wà lọ́dọ̀ sítíárìn, ẹ́ńjìnnì ti wà ní títàn. Mò ń ṣọ́ igi àti òrùlé tuntun tí mo fi ojú so pọ̀, òjò ń lù mí lójú. Baba rá lọ síwájú, a bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó dùbúlẹ̀ sórí pákó, ó na ọwọ́, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ṣéènì bí mo ṣe máa ń gbé ọwọ́ lé ọrùn ọwọ́ aláìsàn.

"Ó ń gbọ̀n," ó pariwo. "Ó ti yọ!"

Igi mi kúrò lórí òrùlé. Mo rí i kedere. Apòògùn na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ dúró!" ni Baba kígbe. "Ẹ dúró ná. Ó ń yí. Ó ń yí padà… Ó ti mú! Ó ti mú o!"

Orí ọkọ̀ tẹ̀ sínú omi, ó gbé sókè, a sì dúró. Igi náà dúró. Afẹ́fẹ́ náà ò sinmi títí ọjọ́ fi rọ̀, ó ń fà wá bí ẹni fẹ́ fa eyín yọ, a ò sì kúrò níbẹ̀. Nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ omi, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè dé, irin náà ti yí ara rẹ̀ padà, ó sì ti tún mú ilẹ̀. Mo sọ "Ọlọ́run mi o" títí ẹnu fi gbẹ mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi mọ́ gaara. Mo fi jígí ìlúwẹ̀ẹ́ sójú, mo bọ́ sómi, mo dojú bolẹ̀, mò ń tẹ̀lé ṣéènì lọ látòkè. Mo rí gbogbo rẹ̀ lórí iyanrìn: ojú ibi tó ti kọ́kọ́ wọlẹ̀, ibi tó ti yọ, àti ọ̀nà róbótó tó fi yí padà. Ọ̀nà náà ò gùn ju ọkọ̀ wa lọ. Lẹ́yìn náà, ṣéènì tẹ orí ba, ó wọnú iyanrìn, ó sì parí síbẹ̀. Kò sí ìdákọ̀ró. Kò sí irin róbótó. Iyanrìn funfun tó tẹ́ pẹrẹsẹ nìkan ni, ẹja kéékèèké sì ń kọjá lórí rẹ̀. Gbogbo ilé wa, bẹ́ẹ̀dì wa, ìkòkò mi, ọkọ mi, bàbá mi, gbogbo wa so mọ́ ohun tí mi ò lè rí. Mo gbàgbé láti mí.

Mo gun orí ọkọ̀ padà, mo sọ fún wọn. Baba ní irọ́ ni. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

"Baba, ọjọ́ orí yín o!"

"Inú omi ni wọ́n ti wẹ̀ mí," ó dáhùn, ó sì ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà.

Mo so okùn mọ́ ọn ní ìbàdí, èmi àti ẹ̀ jọ léfòó lọ. Ó dojú bolẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó mí, ó tún dojú bolẹ̀. Ó ṣe é títí ètè rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Nígbà tí a fà á sókè, ó jókòó sínú aṣọ ìnura, ó ń mi orí.

Ó ní, "Tèmi, tí wọ́n bá fà á jù, á jáde. Èyí, bí wọ́n bá ṣe ń fà á ló ṣe ń wọlé. Ẹni tó ronú kan irin yìí, kí Ọlọ́run bá mi kí i. Ó jù mí lọ. Ó jù mí lọ dáadáa."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Baba, ẹ má bínú sí wa. A ò fi iṣẹ́ yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bínú kẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o rò pé ìyìn ni mò ń wá tí mo fi ń pè ọ́ lórí fóònù? Èmi tí mo ṣe irin yẹn, mo mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn apẹja ni mo kọ́ láti máa ṣe irú rẹ̀ fún, àwọn tí kì í fojú kúrò lára ọkọ̀ wọn. Kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ sùn. Ẹ gbé e sọ́rùn ọkọ̀, ọkọ rẹ dọ̀bálẹ̀, ìwọ ń kúnlẹ̀, ẹ̀ ń yìn mí. Afẹ́fẹ́ kan ò fẹ́ láti ọjọ́ náà kí n fojú ba oorun."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹnu wo ni alágbẹ̀dẹ fẹ́ fi sọ fún ọmọ rẹ̀ pé irin òun ò tó?"

Mo gbé ẹ̀wù gbígbẹ wọ̀ ọ́, mo bu tíì gbígbóná fún un. Kò tíì mu ún dé ìdajì tó fi na ara rẹ̀ sórí ìjókòó gbọọrọ inú ọkọ̀, ó ní òun kàn fẹ́ gbé ẹ̀yìn kalẹ̀ díẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ tún dìde. Ṣéènì nà, ọkọ̀ mì, ife tíì sún lórí tábìlì. Èmi àti Apòògùn wo ojú ara wa, a wo bàbá mi. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń hanrun lọ.